Bí Mo Ṣe Kó Ejò Abìwo Láti Jídà Wọ Ìlọrin

Ọyẹ́ mú púpọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí mo kúrò nílé. Ìkùukùu bolẹ̀ débi pé mò ń gbọ́ ohùn àwọn tó ń pọnmi lódò Àsà, n kò sì rí ẹnì kankan nínú wọn. Òkè Sóbí tó máa ń dúró gbọin lọ́ọ̀ọ́kán, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ètè mi là, òrí tí mo fi pa á kò ràn án. Oòrùn yọ, ó funfun bí òṣùpá, kò mú nǹkan kan gbóná. Mo ní lọ́kàn ara mi pé bí ọkọ mi ṣe ń rí ayé báyìí nìyí.

Alágbẹ̀dẹ fàdákà ni ọkọ mi, Bàbá Rábí. Láti kékeré ló ti ń wo iná àti fàdákà tó ń yọ́, iná náà sì ti ń gba ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ó ṣì ń rí nǹkan ńlá, ó sì ń mọ ẹni tó wọlé bí ẹni náà bá dúró síbi ìmọ́lẹ̀. Owó fàdákà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí àlájì kan gbé bọ̀ láti Mẹ́kà. Ejò abìwo kan ká ara rẹ̀ mọ́ ojú owó náà, ó ní irùngbọ̀n, ó ní ẹsẹ̀ tòun ti èékánná, ìpẹ́ rẹ̀ sì tò bí ìpẹ́ ẹja. Àlájì ní ilẹ̀ Sínì tí òyìnbó ń pè ní Ṣáínà ló ti wá, ilẹ̀ tí àwọn áfáà máa ń dárúkọ nínú wáàsí bí wọ́n bá fẹ́ sọ ibi tó jìnnà jù. Ó wá di ọjọ́ kan, ọkọ mi rí òmíràn lọ́wọ́ oníṣòwò Gàmbàrí kan ní ọjà Ìpàtà. Ó gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ejò yìí kò jọ ejò yẹn.

Àtọjọ́ náà ni kò ti sinmi. Á ní: "Ìyá Rábí, kì í ṣe alágbẹ̀dẹ kan ṣoṣo ló rọ wọ́n. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní ilé ìrọwó tirẹ̀. Bí ilà ojú ni. Ọ̀yọ́ ń kọ tiwọn, Oǹdó ń kọ tiwọn."

Hájì ni mo ń lọ o, kì í ṣe owó ni mo ń wá lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn ná. Ṣùgbọ́n nígbà tó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà tó lọ sí Jẹ́bà, ọ̀rọ̀ tó sọ kò ju báyìí lọ:

"Bí o bá rí wọn, bá mi kó wọn bọ̀. Má jẹ́ kí wọ́n lu ihò sí wọn lára o. Fàdákà tí wọ́n bá ti lu, ó ti di ohun ọ̀ṣọ́ nìyẹn. Bó ṣe ti ọwọ́ ẹni tó rọ ọ́ jáde ni mo fẹ́ rí i."

"Ẹ ó rí i."

"Tètè dé."

"Ẹsẹ̀ ni mo fi ń lọ, Bàbá Rábí. N kì í ṣe ẹyẹ."

Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó tún ní: "Tètè dé ná."

Ó yé mi. Ojú rẹ̀ kò ní dúró dè mí. Gbogbo ọ̀nà tí mo rìn, ìbẹ̀rù yẹn ló bá mi rìn ín.

Ọ̀nà

N kò ní ka orúkọ ìlú fún yín. Wọ́n pọ̀, òmíràn kò sì ju kànga kan àti ìyà lọ. Àwa ará Ìlọrin tó wà nínú ẹgbẹ́ náà kò pọ̀. Áfáà àdúgbò wa ló ṣíwájú wa, èèyàn pẹ̀lẹ́ tí kì í pariwo, àmọ́ bó bá bi èèyàn ní ìbéèrè kan, onítọ̀hún kò ní sùn. Èmi àti Hàjárà la jọ ń sùn sórí ẹní kan. Ọmọ Gàmbàrí ni, Ìlọrin ni wọ́n bí i sí, ẹnu rẹ̀ mú ní Yorùbá, ó mú ní Hausa. Mo jù ú lọ díẹ̀, kò sì jẹ́ kí ìyẹn dí òun lọ́wọ́.

Mo gbé làǹtànà dání, òkúta pupa tí wọ́n ń lu níhò fún ìlẹ̀kẹ̀ nílé bàbá mi, pẹ̀lú ìlu, irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí mo fi ń lu ihò sí i. Iṣẹ́ ọkùnrin ni. Ṣùgbọ́n bàbá mi kò tètè bí ọkùnrin, èmi àkọ́bí ló kó iṣẹ́ lé lọ́wọ́. Níbi tí a bá ti dúró pẹ́, màá jókòó lu díẹ̀, màá fi gba oúnjẹ.

Bí a ṣe ń sún mọ́ ìlà-oòrùn ni àwọn èèyàn ń yí padà. Ibì kan wà tí wọn kì í bi àlejò ní orúkọ kó tó jẹun. Bí ẹ bá kọ́kọ́ sọ orúkọ yín, ojú á tì wọ́n, bí ẹni pé ẹ fẹ́ fi san owó oúnjẹ. Ọkà bàbà ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Wọ́n á jẹ́ kó kan bí ògì tó ti pẹ́, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí àwo gbígbóná, á fẹ́lẹ́ bí aṣọ. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e fún wa, Hàjárà nà án sókè, ó ń wo oòrùn nínú rẹ̀.

"Ìyá Rábí, ṣé kí n jẹ ẹ́ ni àbí kí n fi wé gèlè?"

"Jẹ ẹ́. Orí rẹ kò tóbi tó bẹ́ẹ̀."

Inú mi kò dùn tó bí ẹnu mi ṣe ń sọ ọ́. Afọ́jú pọ̀ nílẹ̀ gbígbẹ yẹn. Eṣinṣin á bà lé àwọn ọmọ lójú, wọn kò ní lé e. Àwọn àgbàlagbà ń di ọ̀pá mú lẹ́yìn ọmọ-ọmọ wọn. Ẹyọ kan tí mo bá rí, màá bi ara mi pé, ta ló ń di ọ̀pá mú fún Bàbá Rábí lónìí?

Omi iyọ̀

Ẹni tó bá sọ fún yín pé òkun dà bí odò tó fẹ̀, kò dé ibẹ̀. Odò ní òdìkejì. A wọ ọkọ̀ ojú omi aláṣọ ní Sùwákínì, ìlú etí òkun, wọ́n tò wá bí iṣu nínú abà. Atẹ́gùn gbé wa sókè, ó gbé wa sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn nìkan ni Hàjárà kò rí ọ̀rọ̀ sọ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Mo dì mọ́ àpò òkúta mi. Mo ń ṣe kálímọ̀, àdúrà ẹni tó ń kú lọ, mo sì ń rò ó pé bí mo bá rì síbí, ta ni yóò sọ fún un kó má retí mi mọ́?

Jídà

Jídà ni èbúté tí à ń gbà lọ sí Mẹ́kà. Ilé ibẹ̀ ga, àjà lórí àjà. Igi tí wọ́n gbẹ́ ní ihò wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi bo ojú fèrèsé, tí èèyàn á fi mọ̀ pé wọ́n ń wo òun láìrí ẹni tó ń wo òun. Ooru ibẹ̀ kún fún omi, ó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lára. Omi mímu, rírà ni. Àwọn ọmọdé sáré tẹ̀ lé wa, wọ́n ń pariwo "Tàkúrúnì! Tàkúrúnì!" Bí wọ́n ṣe ń pe àwa èèyàn dúdú tó wá láti ìwọ̀-oòrùn nìyẹn. Kì í ṣe èébú, kì í sì í ṣe ìkíni.

Wọ́n bi wá níbi tí a ti wá. A ní Ìlọrin. Wọ́n wo ara wọn lójú. A ní Kánò. Wọ́n tún wo ara wọn. Áfáà ní Sókótó, ni gbogbo wọn bá mi orí. Bí mo ṣe di ará Sókótó nìyẹn títí mo fi kúrò níbẹ̀, èmi tí n kò fojú kan Sókótó rí.

Obìnrin Hausa kan tó ń jẹ́ Dàdá ló gbà wá sílé. Ó ti wá ṣe hájì nígbà tó wà lọ́mọge, kò padà sílé mọ́. Kò sí èdè àlejò tí kò lè fi ta oúnjẹ. Hausa tí mo gbọ́ ní Ìpàtà tó mi láti bá a sọ̀rọ̀.

Kò pẹ́ tí a débẹ̀ ni mo jáde lọ bá àwọn tó ń pààrọ̀ owó. Wọ́n jókòó sórí ẹní, owó gbogbo ayé wà níwájú wọn. Mo fi ìka ya ejò oníwo sílẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan kó mẹ́ta síta. Mo mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan, mo jù ú sórí òkúta, mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Méjì ké bí ìkòkò tó sán. Òjé wà nínú wọn. Ẹ̀kẹta ké, ohùn rẹ̀ sì pẹ́ kó tó lọ. Òun ni mo gbà. Ọkùnrin náà wò mí láti òkè délẹ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Nígbà tí mo fi han Dàdá, ó pàtẹ́wọ́. "Ejò lo ń wá kiri ìlú? Àwọn tó ni ejò ń bẹ lókè orí rẹ níbí."

Obìnrin ilẹ̀ Sínì

Orúkọ rẹ̀ ni Fátímọ̀. Àgbàlagbà bíi tèmi ni, ojú rẹ̀ fẹ̀, ó mọ́, irun rẹ̀ funfun lábẹ́ ìborùn. Òun, ọmọkùnrin rẹ̀ àti àwọn ará ìlú wọn ni wọ́n jọ wá. Mo kúnlẹ̀ kí i bí a ṣe ń kí àlejò pàtàkì. Ó rò pé mo ṣubú ni, òun náà kúnlẹ̀ kó lè gbé mi dìde. Bí mo ṣe rí i pé ó kúnlẹ̀ fún mi, mo tún tẹ̀ sí i. Òun náà tún tẹ̀.

Hàjárà ní: "Ẹ dìde o, ẹ̀yin ìyá méjèèjì. Ibi tí ẹ ń lọ yìí, abẹ́ ilẹ̀ ni."

Ìgbà tó dìde ni mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó kéré bí ẹsẹ̀ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Dàdá ní wọ́n máa ń di ẹsẹ̀ àwọn obìnrin wọn láti kékeré kó má baà gùn. Ẹsẹ̀ yẹn ló gbé wá láti ilẹ̀ Sínì. Mo fa ẹsẹ̀ tèmi tó ti là sábẹ́ ìró, n kò sì ráhùn nítorí ẹsẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ó se oúnjẹ fún wa. Ó na ìyẹ̀fun tó pò, ó ká a, ó tún nà án, títí ó fi di okùn gígùn wẹ́wẹ́, ó wá dà á sínú omi ọbẹ̀ ẹran. Hàjárà sọ sí mi létí pé: "Ẹ ṣe bísímílà dáadáa o, nǹkan yìí lè jẹ́ aran." Kí n tó jẹ tèmi tán, ó ti gbé àwo rẹ̀ lọ gba ẹ̀ẹ̀kejì. Omi ewé gbígbóná ni wọ́n ń mu tẹ̀ lé e láìsí ṣúgà. Bí wọ́n bá fún yín ní nǹkan, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń gbé e. Inú mi dùn sí ìyẹn. Mo ní àwọn wọ̀nyí náà ní ẹ̀kọ́ ilé.

Dàdá sọ ohun tí mò ń wá fún un. Fátímọ̀ tú ọ̀já inú rẹ̀, ó to owó sórí ẹní. Ejò lórí ejò! Ọ̀kan sanra, irùngbọ̀n rẹ̀ fọ́n ká. Ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́, ìkùukùu yí i ká bí àárọ̀ ọyẹ́. Ọ̀kan la ẹnu bí ẹni tó ń bú èèyàn. Ó ń tọ́ka sí wọn, ó ń dárúkọ ilẹ̀ tí wọ́n ti rọ wọ́n. Húbẹ̀ẹ́. Sìchúwáànì. Jìlíìnì. Ó ní èyí tí mo gbà lójà, Gùwáńdọ́ńgì ni. Ilé kéú díẹ̀ ni mo lọ, n kò lè ka ohun tí wọ́n kọ sí wọn lára. Mo há àwọn orúkọ náà sórí bí a ṣe ń há súrà, mo ń tún wọn pè títí Hàjárà fi ní kí n jọ̀ọ́.

Àpá kéékèèké wà lára àwọn kan, bí ẹni pé wọ́n fi irin gún wọn. Mo rò pé wọ́n ti bàjẹ́. Fátímọ̀ ní rárá. Oníṣòwò tó bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tó rí i pé fàdákà gidi ni, á lu èdìdì tirẹ̀ sí i lára, kí ẹni tó kàn lè gbà á láìfòyà. Mo rántí ọ̀rọ̀ Bàbá Rábí. Ilà náà ni.

Mo yọ làǹtànà mi jáde. Ó gbé ọ̀kan sójú oòrùn, ó gbé e mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó tọ́ ihò rẹ̀ wò, ó na ìka sí mi pé ṣé èmi ni mo lu ú. Mo ní èmi ni. Ó ti owó mẹ́ta síwájú mi, mo ti odindi okùn ìlẹ̀kẹ̀ kan síwájú rẹ̀. Kò sí ẹni tó dúnàádúrà nínú wa.

Ìbéèrè Áfáà

Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi wọ́n han Áfáà. Ó mú ọ̀kan, ó nà án jìnnà sí ara rẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ fi í ṣe, Ìyá Rábí?"

"Bàbá Rábí ló fẹ́ wò ó, Áfáà."

"Ẹ kò ní í ná an?"

"Rárá o."

"Owó tí àwòrán ohun ẹlẹ́mìí wà lára rẹ̀, gbogbo wa la ń ná an. Ọlọ́run mọ̀ pé kò sí bí a ti fẹ́ ṣe é. Èyí tí a kò fẹ́ ná ń kọ́? Èyí tó jẹ́ pé nítorí àwòrán náà gan-an la ṣe ń gbé e kiri?"

Mo gba owó náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo dì í mọ́ àtẹ́lẹwọ́.

"N kò ní haráámù ni o. Mo kàn bi yín ni. Ohun tí mo mọ̀ dájú ni pé bí orí bá kúrò lára àwòrán, kì í ṣe àwòrán mọ́."

Áfáà sùn lọ́jọ́ náà. Èmi kò sùn. Ó kù díẹ̀ ká wọ aṣọ funfun ká gba Mẹ́kà lọ, mo sì so ejò mẹ́rin mọ́ ìdí. Bí mo bá gbé wọn lọ, tí hájì mi kò sì gbà ń kọ́? Bí mo bá jù wọ́n nù, kí ni màá sọ fún ọkọ mi? Ní ìgbẹ̀yìn, mo di wọ́n sínú àkísà, mo takókó, mo gbé e fún Dàdá kó bá mi tọ́jú rẹ̀.

Mo rí Káábà. Ẹ máa ń bi mí bó ṣe rí, n kò sì mọ bí màá ṣe sọ ọ́. Ó dúró bí ìgbà tí gbogbo ariwo bá dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹkún gbà mí. Ojú Bàbá Rábí ni mo tọrọ ṣáájú ohun gbogbo. Ṣùgbọ́n èmi náà rèé, tí mò ń yí ilé Ọlọ́run ká, tí apá kan ọkàn mi sì ń sáré lọ sí Jídà lọ wo kókó àkísà kan. Mo ń tọrọ àforíjì, mo tún ń sáré lọ.

Lẹ́yìn tí a dúró lórí òkè Árífà tán, àìsàn wọ àárín èèyàn. Ẹni tó jẹun pẹ̀lú yín láàárọ̀, wọ́n á ti sin ín kí ìrun aláásárì tó tó. Ọlọ́run yọ wá. A padà sí Jídà pẹ̀lú omi Sámsámù, èmi ń rìn níwájú gbogbo wọn.

Dàdá ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kókó mi wà bí mo ṣe ta á. Mo bi í léèrè Fátímọ̀. Ó ní ara rẹ̀ le, ọkọ̀ wọn ti lọ. Ó wá na nǹkan kékeré kan sí mi nínú aṣọ aláwọ̀ búlúù.

"Ó ní kí n fi fún ọ. Ó ní tìlú òun nìyí, Yúnáànì. Kò sí i lọ́wọ́ rẹ̀ níjọ́sí, ara ọmọ rẹ̀ ló ti bá a nígbà tí àìsàn náà mú un lọ."

Fàdákà náà ni, ṣùgbọ́n ó kéré, kò ju èékánná àtàǹpàkò ọkùnrin lọ. Mo gbé e sójú oòrùn. Ejò rẹ̀ kò tóbi ju kòkòrò, síbẹ̀ ìwo rẹ̀ pé, ìpẹ́ rẹ̀ pé. N kò tíì rí iṣẹ́ ọwọ́ tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní bí n kò bá gbé ìkankan délé, màá gbé èyí.

Ibùdó ṣọ́jà

A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ilẹ̀ Hausa tí òyìnbó ń ṣe ìjọba lé lórí nígbà tí a pàdé àwọn tó ń tibẹ̀ bọ̀. Wọ́n ní ṣọ́jà wà lójú ọ̀nà, ẹni tó bá gbé owó fàdákà ilẹ̀ mìíràn dání, wọ́n ń gbà á. Ṣílè òyìnbó nìkan ni wọ́n fẹ́ kí aráyé máa ná. Ohun ọ̀ṣọ́ nìkan ni wọn kì í fọwọ́ kàn.

Bí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa ṣe gbọ́ báyìí, wọ́n jókòó sábẹ́ igi ajagbọn, wọ́n kó owó fàdákà tó ní àwòrán orí obìnrin lójú, èyí tí a ń ná lọ́nà, síta, wọ́n fi ìṣó àti òkúta lu gbogbo rẹ̀ níhò, wọ́n sì so ó mọ́rùn. Kò tó ìgbà tí iṣu fi ń jinná, gbogbo wọn ti di ìyàwó tuntun. Èmi jókòó, mo di kókó mi mú.

Hàjárà ní: "Ẹ lu tiyín."

"Ó ní kí n má lu ú."

"Ó mọ̀ pé ṣọ́jà wà lọ́nà nígbà tó ń sọ ọ́?"

Mo bi àwọn tó ń bọ̀ náà bóyá èèyàn lè bẹ òyìnbó fúnra rẹ̀. Wọ́n ní ó ti lọ sí ìrìn àjò, kò ní dé kí oṣù tó lé. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ ẹ́, kó jókòó dè é. Oṣù kan! Bí mo bá dúró, màá gbé fàdákà tí kò ní ihò délé fún ẹni tí kò ní ojú tí yóò fi wò ó.

Mo yọ ìlu mi.

Áfáà wá dúró lẹ́yìn mi. "Bí ẹ bá máa lu ú, Ìyá Rábí, ẹ ò ṣe lu orí rẹ̀, kọ́kàn yín lè balẹ̀?"

Mo gbé ẹnu ìlu lé orí ejò Húbẹ̀ẹ́. Ó ń wò mí. Ọwọ́ mi kò lọ. Mo gbé e lọ sí etí owó náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrù ejò, ibẹ̀ ni mo lu. A kì í lu làǹtànà já láti ojú kan, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ á fọ́. A ó lu ú dé ìdajì, a ó yí i padà, a ó lu ojú kejì títí ihò méjèèjì á fi pàdé. Bí mo ṣe lu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìyẹn. Mo tẹ́ aṣọ sábẹ́ wọn, mo sì di lẹ́búlẹ́bú tó dà sí i mọ́ ìdí ìró. Ìyàwó alágbẹ̀dẹ kì í gbọn fàdákà dànù.

Ó ku owó kékeré náà. Mo wò ó, mo wo ìlu. Mo ju owó náà sẹ́nu, mo fi ahọ́n bò ó.

Ṣọ́jà tó dá wa dúró kò dàgbà ju àkọ́bí Rábí lọ. Ó tú ẹrù, ó wo ọrùn. Ó dé ọ̀dọ̀ mi.

"Ìyá, kí lorúkọ yín?"

Mo wò ó. Òógùn ń ṣàn lẹ́yìn mi.

Hàjárà ní: "Kì í sọ̀rọ̀."

"Odi ni?"

"Odi kọ́. Ẹ̀jẹ́ ló jẹ́ níwájú Káábà, pé ọ̀rọ̀ asán kankan kò ní jáde lẹ́nu òun mọ́ títí òun á fi délé."

Mo gbọ́ tí Áfáà húkọ́ lẹ́yìn. Ojú ọmọ náà yí padà. Ó bọ́ fìlà, ó lóṣòó síwájú mi.

"Ìyá, ẹ ṣàdúrà fún mi."

Ẹ gbà mí! Mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, mo di ẹnu mi pa, mo ń gba àdúrà náà nínú ọkàn. Tọkàntọkàn ni mo ṣe é, nítorí mo ní ọ̀ràn tèmi náà nínú rẹ̀. Fàdákà náà ń yọ̀ lọ sí ọ̀nà ọ̀fun. Mo fọwọ́ pa ojú. Ó ní "Àmín, àmín." Ó wo ejò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà lọ́rùn mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí a máa lọ.

Ìgbà tí a yà sẹ́yìn òkè ni Áfáà tó bi mí: "Ìyá Rábí, ṣé ẹ̀jẹ́ yín ti tán?"

Mo tu ú sọ́wọ́. "Ó kù díẹ̀ kí n gbé e mì."

Hàjárà ní: "Ẹ̀ bá gbé e mì. Lọ́la, àwa náà ì bá ní ilé ìrọwó tiwa."

Áfáà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èjìká rẹ̀ ń mì.

Ilé

Ní Kánò, a bá ọkọ̀ ojú irin tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí a ń lọ. Ó yá o, kò sì yá mi tó.

Ariwo ọmọ àti ọmọ-ọmọ ló pàdé mi lójúlé, "Àlájà! Àlájà!" Mo ń dá wọn lóhùn, mo ń wo iwájú. Bàbá Rábí jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ rẹ̀. Iná ibẹ̀ ti kú pẹ́. Kò gbójú sókè títí mo fi sọ̀rọ̀.

"Ìyá Rábí?"

"Èmi ni."

"O pẹ́."

"Mo pẹ́."

Mo gbé ẹní sójú oòrùn, mo fà á jókòó, mo tú ejò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́rùn mi. Ó gbé ọ̀kan, ó gbé e kan imú, ó ń yí i sọ́tùn-ún, ó ń yí i sósì, kí oòrùn lè bọ́ sí i. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní: "Irùngbọ̀n rẹ̀ rèé." Ó rí i! Ó gbé ìkejì, ó rí ìkùukùu. Ó gbé ẹnu tó là, ó rẹ́rìn-ín sí i. Ìka rẹ̀ wá bá ihò.

"Wọ́n lu ú."

"Èmi ni mo lu ú." Mo sọ bó ṣe jẹ́ fún un.

Ó fi ìka tọ́ ihò náà níwájú, ó tọ́ ọ lẹ́yìn. "Ojú méjèèjì lo ti lu ú. Ó mọ́."

Mo wá gbé kékeré náà lé e lọ́wọ́. "Èyí kò níhò o. Bí wọ́n ṣe rọ ọ́ lo máa rí i."

Inú mi ń dùn débi tí n kò fi rántí pé "ẹ" ni mo máa ń pè é. Ó gbé e sí ojú ọ̀tún, ó gbé e sí ojú òsì. Ó nà án sí oòrùn, ó tún fà á mọ́ra.

"Ó ń dán," ló wí. Nígbà tó ṣe: "Ṣé ejò wà lára rẹ̀?"

"Ó wà."

"Báwo ló ṣe rí?"

Mo sọ fún un. Mo sọ ìwo, mo sọ ìpẹ́, mo sọ èékánná. Ó ń mi orí, ó di ojú méjèèjì bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Kò fi kékeré náà sílẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ó ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó bọ́ sínú eérú, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ń tọ́ ilẹ̀ kiri. Mo fẹ́ bá a mú un, ó ní: "Fi mí sílẹ̀, mo mọ ibi tó wà." Kò sí níbi tó ń tọ́. Nígbà tí wọ́n pe ìrun mọ̀ǹgàríbì, ó kó àwọn ńlá fún mi, ó di ẹ̀ṣẹ́ mọ́ kékeré.

Mo ní: "Bàbá Rábí, àwòrán ni. A kì í gbé e kírun."

Ó la ọwọ́ díẹ̀díẹ̀, ó jẹ́ kí n mú un.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo kó ìlu mi jáde sábẹ́ òrùlé. Mo tẹ́ aṣọ, mo gbé ejò Yúnáànì lé e, mo gbé ẹnu ìlu lé orí rẹ̀ gan-an. Mo lu ú dé ìdajì, mo yí i padà, mo lu ojú kejì títí ó fi já. Mo fi okùn awọ bọ̀ ọ́, mo so ó mọ́ ọrùn ọwọ́ ọkọ mi, mo ta á ní kókó méjì.

Ó tọ́ ọ wò. "Ibo lo lu?"

"Orí."

Ó jókòó, ó ń yí i lọ, ó ń yí i bọ̀ lórí okùn náà. Wọ́n pe ìrun ọ̀sán. Ó na ọwọ́ sí mi, mo fà á dìde, n kò tú okùn náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo bu omi àlùwàlá fún un.